Ẹni Tó Jókòó Níwájú

Òórùn gọ́ọ̀mù ni ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Jeppestown máa kọ́kọ́ gbọ́, kó tó rí nǹkan kan. Gọ́ọ̀mù tá a fi ń lẹ lẹ́dà mọ́ra ni, ó máa ń wọni nímú dé ọ̀fun, ó sì máa ń di aṣọ mú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn lẹ́dà gan-an, èyí tó ti gbó àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti ti epo ọkọ̀ tó ti wọ inú sìmẹ́ńtì ilẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́. Ojú irin gba ẹ̀yìn ilé náà kọjá, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwọn abẹ́rẹ́ inú agolo mi máa ń jó. Ìwọ tí o ti bá mi jókòó níbẹ̀ rí mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Ṣùgbọ́n àkókò kan wà, lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárọ̀, màá kọ́kọ́ dúró díẹ̀ níta, màá tẹ́tí, bí ẹni pé ẹnì kan ti wà nínú ilé ṣáájú mi. Yàtọ̀ sí ìyàwó mi, mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà tán fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìgbà òtútù ń wọlé bọ̀ nígbà tí dókítà obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lágbègbè Sandton, ẹnì kan tí mo bá tún àga ọkọ̀ ṣe ló júwe mi fún un. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fa ọkọ̀ kan dé ẹnu ọ̀nà mi, òun náà sì bá a wá. Ọkọ̀ ará Faransé ni, irú èyí tí àwọn tó rí jájẹ nílẹ̀ wa ń gùn nígbà tá a wà lọ́mọdé, tó gùn gbọọrọ, tí iná iwájú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ọwọ́ òyìnbó àgbẹ̀ Bóà kan lọ́nà Free State ni Dókítà ti rà á. Adìyẹ ti yé sínú rẹ̀. Kò sí àga, kò sí aṣọ òrùlé, ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ títí èèyàn fi ń rí taya láti inú. Mo bi í pẹ̀lú ẹ̀rín bóyá ọkọ̀ ló gbé wá ni tàbí ilé adìyẹ. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó fa fọ́tò mẹ́rin yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì tí mo ti ń gé lẹ́dà.

“Ọkọ̀ Dádì mi nìyí,” ó ní. “Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ kí èyí rí. Kì í ṣe kó kàn jọ ọ́.”

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní Iléṣà, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bó ṣe rà á tán ló ní kí wọ́n tú gbogbo inú rẹ̀ dànù, ó wá ní kí wọ́n ṣe é bó ṣe wu òun: àga aláwọ̀ méjì, pupa bíi ti wáìnì àti funfun bíi ti mílíìkì, tí wọ́n rán ní igun mẹ́rin mẹ́rin tí wọ́n sì fi bọ́tìnnì dè, pákó dídán lára ilẹ̀kùn, fáànù kékeré lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ́tìnì lára gíláàsì ẹ̀yìn. Ìyá Dókítà kú nígbà tó bí i. Òun àti bàbá rẹ̀ ló kù, àti àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú wọn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàbá rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rí bàbá, kò sí ẹni tó rí ọkọ̀. Wọ́n ní ibà ń ṣe Dókítà lọ́jọ́ náà, pé orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Àbúrò bàbá rẹ̀ yẹn ló tọ́ ọ dàgbà, tó rán an nílé ìwé títí tó fi di dókítà, Dókítà sì ti mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Johannesburg báyìí, ó ń ṣìkẹ́ rẹ̀.

“Mo kàn fẹ́ jókòó sẹ́yìn níbi tí mo máa ń jókòó sí,” ó ní. “Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Ọ̀rẹ́ mi ará Mozambique, tó ń kan bọ́dì ọkọ̀ nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú mi, ni mo kọ́kọ́ pè wá wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wà, bíi ti gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ yìí. Dókítà ní ọwọ́ òsì ni ti Dádì òun wà, nítorí náà ọwọ́ òsì ló gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rẹ́ mi họ orí.

“Eish,” ó ní, “ṣé obìnrin yìí fẹ́ máa wa èyí kiri Johannesburg ni?”

Mo ní kò fẹ́ wà á. Ó ní kí ló wá fẹ́ fi ṣe. Mo ní ó fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ ni. Ó wò mí, ó wo ọkọ̀ náà, ó sì lọ mú irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbé sítíárìn àti ohun gbogbo tó so mọ́ ọn kọjá sí òdìkejì, tó wá de dáṣíbọ́ọ̀dù tí Dókítà ti rà láti ilẹ̀ Faransé mọ́ ọn.

Inú ọkọ̀ ni tèmi. Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kì í sì í lo fóòmù. Háhá àgbọn la fi ń kún inú àga. A ó ya á, a ó sá a sóòrùn, a ó tò ó sórí sípíríǹgì, ká tó tẹ́ òwú lé e. Irú àga bẹ́ẹ̀ máa ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí èèyàn bá jókòó lé e, kì í sì í gbéni mì bíi ti òde òní. Dókítà ní dídún yẹn gan-an ni òun ń wá. Mo rí háhá rà lọ́wọ́ ará Íńdíà kan ní Fordsburg. Àwọn bọ́tìnnì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi lẹ́dà wé wọn. Òun fúnra rẹ̀ wá fáànù kékeré náà rí, ó wá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rí, ó wá ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì rí, èyí tí orí rẹ̀ dúdú tó sì tutù bí òkúta odò. Ká má parọ́, inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rán àga bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní taxi níbí, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí pé irú òwú wo ni mo lò.

Gbogbo Sátidé ló máa ń wá. Á wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, apá ọ̀tún, á ti ilẹ̀kùn, á di ojú, èmi á sì dúró níta bí ẹni tó ń retí èsì àyẹ̀wò. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo de àwọn àga síbẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó fi ìka wá ẹ̀yìn àga iwájú níbi tí etí rẹ̀ ti ká sókè.

“Okùn kan yọ níbí,” ó ní. “Mo máa ń fà á. Dádì máa ń ní kí n fi í sílẹ̀.”

Kò sí èyí nínú fọ́tò kankan. Mo fa okùn kan yọ síbẹ̀ níwọ̀n bí ìka ṣe gùn mọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí ọmọdé, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Mo yíjú kúrò. Ṣe ló dà bíi pé mo ń wo ẹni tó ń wẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú àbúrò bàbá rẹ̀ wá. Bàbá ló ń pè é. Ó wọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn lé bùbá lórí, ó dé fìlà òwú, ó ń fi ọ̀pá rìn. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó kí mi, ó kí ọ̀rẹ́ mi, ó ṣàdúrà fún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ràn dé, ó ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n fi ajá ńlá hàn tí wọ́n ń sọ fún pé kì í buni jẹ.

“Bàbá, ẹ bá wa rántí,” ni Dókítà sọ. “Iwájú ló ṣòro fún wa. Ẹ̀yìn ni mo máa ń wà.”

“Èmi?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mi ò jókòó sínú ọkọ̀ yẹn rí. Ṣé bàbá rẹ á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án ni?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe fún un kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́ létí, mo sì rí bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá náà bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ló ń wò, kì í ṣe èmi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìró bẹ̀rẹ̀. Dókítà di ojú bó ṣe máa ń ṣe, ó wá ní, “Bọ̀dá, nǹkan kan máa ń dún kí ọkọ̀ tó ṣíná. Kẹ́ẹ̀, báyìí. Dádì á tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, á dún kẹ́ẹ̀, kó tó wá yí kọ́kọ́rọ́.” A wò ó títí, a ò mọ ohun tó lè jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní bóyá ilẹ̀kùn ni. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ láti ìgbà náà ni ojú Dókítà ti ń yí padà. Ó ń rù. Ó lè sọ̀rọ̀ dé àárín kó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Sátidé kan, wọ́n ti mú iná lọ bí wọ́n ṣe máa ń mú un lọ ní Johannesburg, inú ṣọ́ọ̀bù ṣú díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Ó pẹ́ nínú ọkọ̀ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

“Mo wọ súẹ́tà,” ó ní. “Mo dùbúlẹ̀ síbí, etí mi wà lára àga, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Ara mi gbóná. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń sunkún.”

Mo bi í bóyá Dádì rẹ̀ ni.

“Dádì kì í sunkún.” Ó ṣí ojú. “Wọ́n ní orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà lọ́jọ́ tí ibà yẹn ń ṣe mí. Kí ni mo wá ń ṣe nínú ọkọ̀?”

Mo ní kó wá mu tíì. Lẹ́yìn tó lọ, ọ̀rẹ́ mi tó ń fọ ọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi sọ fún mi pé ó wu òun kí ọkọ̀ yẹn tètè kúrò nínú ọgbà. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní ohùn obìnrin náà ti tó òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá náà dá wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni, mi ò tíì bọ́ jalabíà. Ọkọ̀ tí wọ́n fi fóònù pè ló gbé e wá, ó sì ní kí awakọ̀ dúró de òun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó gbé ọ̀pá lé eékún, ó bèèrè ilé, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè ìlú tí mo ti wá. Ó wá ní ẹ̀bẹ̀ ni òun wá bẹ̀ mí.

“Ọmọ mi, obìnrin yẹn ò sùn mọ́. Ó kàn ń rìn káàkiri ilé ni. Dókítà tí kò sùn lè ṣe ẹlòmíì léṣe. Ṣé o ò lè sọ fún un pé iṣẹ́ náà ò ṣeé ṣe? Tàbí kí o fi àwọ̀ mìíì ṣe iwájú, bíi búlúù. Tó bá wò ó, á mọ̀ pé kì í ṣe òun, á fi í sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, díẹ̀ ló kù kí n gbà. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó dìde, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó wọlé, ó jókòó. Mi ò mọ ohun tó fà á wọlé, mo sì rò pé òun náà ò mọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn títí ọkọ̀ ojú irin kan fi kọjá lẹ́yìn wa.

“Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?” ó bi mí.

Mo ní mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ti ṣíná rẹ̀ lánàá, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Kó tó yí i, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì lọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìka rẹ̀ ń wá nǹkan. Kò rí i. Ó tún wá a. Ó wá dúró.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí nínú fọ́tò, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ń dún kẹ́ẹ̀. Súìṣì ni. Nígbà yẹn, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ wọn máa ń fi súìṣì pamọ́ síbi tí olè ò ní mọ̀. Bí èèyàn ò bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kọ́kọ́rọ́ lásán ò lè ṣíná ọkọ̀. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ náà nìkan ló ń mọ ibi tó wà. Bàbá yìí sì ti sọ lójú mi pé òun ò jókòó sínú rẹ̀ rí.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó fi nu ìtan. Ó wò mí, mo wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló wá bi mí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi bèèrè àwọn ọmọ mi:

“Ìwé ìgbélùú rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fún ọ?”

Mo ní wọ́n ṣì ń ṣe é.

“Dókítà ọmọ mi mọ èèyàn púpọ̀ nílẹ̀ yìí,” ó ní. “Ìwọ gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.”

Nígbà tí mo dé ilé ní Turffontein, ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbé ojú sókè títí mo fi parí.

“Àga ni wọ́n ní kí o ṣe,” ó ní, “àbí ẹjọ́?”

Mo ní àga ni.

“Pe obìnrin yẹn, kí o sọ ohun tí o rí fún un. Lẹ́yìn náà kí o padà sídìí àga rẹ.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo rí àgbàlagbà tó ki ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù?”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ó ní. “Ohun tí o rí nìyẹn.”

Mi ò pè é. Mo kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Dókítà pé òwú tán, kó má wá títí màá fi ránṣẹ́ sí i. Bàbá náà pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò halẹ̀ mọ́ mi rárá. Ó kàn máa ń bi mí pé, “Iṣẹ́ ńkọ́?” á sì dákẹ́, màá máa gbọ́ mímí rẹ̀ títí tí ọ̀kan nínú wa yóò fi pa fóònù. Bí mọ́tò ọlọ́pàá bá dúró níbi iná ojú títì tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì nítòsí ṣọ́ọ̀bù, màá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ títí iná yóò fi di àwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níta láàárọ̀, tí mo ń tẹ́tí. Ọkọ̀ náà wà nínú òkùnkùn níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó lẹ́wà gan-an, mi ò sì fẹ́ dá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Níkẹyìn, mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́, mo ra súìṣì onírin kan. Mo dè é sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, síbi tí ìka bàbá náà ti wá a gan-an, mo sì ní kí mẹkáníìkì so wáyà rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ mi sì ni pé kí n fi ohun tó wà níbẹ̀ síbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé mo ń wá ẹni tó máa bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ.

Sátidé tí mo ní kí Dókítà wá wo iṣẹ́ tó ti parí, mo gbàdúrà pé kó dá wá. Bàbá náà bá a wá. Ó ní òun ò fẹ́ kó dá wà. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, a ṣí ilẹ̀kùn ńlá sílẹ̀ gbayawu, ìmọ́lẹ̀ sì wọ inú ọkọ̀ náà, ó tan sórí àga pupa àti funfun, sórí àwọn bọ́tìnnì, sórí pákó ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá wò ó. “Shap,” ó ní jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan dára níbí. Dókítà wọlé sẹ́yìn, ó di ojú. Mo jókòó sí ipò awakọ̀, mo tẹ̀ síwájú, mo tẹ súìṣì náà. Kẹ́ẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ṣíná, fáànù kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Mo wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ ti là sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn orí mi.

“Ẹ pa á,” ó ní. Mo pa á. “Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ sọ̀kalẹ̀.”

Mo sọ̀kalẹ̀. Ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó pe bàbá náà níbi tó dúró sí. “Bàbá, ẹ wá jókòó síwájú.”

“Eékún ń dùn mí,” ni bàbá náà dáhùn.

“Ẹ wá jókòó, Bàbá.”

Títí di òní ni mo ń rò ó, ìdí tí kò fi yí padà lọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó wá. Ó fún mi ní ọ̀pá rẹ̀ mú, ó rọra jókòó. Dókítà ní kó ṣíná rẹ̀. Bàbá náà kò wo ilẹ̀, kò wo ibi kankan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tààrà, ó dún kẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà ṣíná.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ń wo Dókítà bó ṣe ń wo ọrùn bàbá náà láti ẹ̀yìn, ìka rẹ̀ wà lára àga iwájú.

“Orí tí mo rí níwájú nìyí,” ó ní.

Bàbá náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń wo gíláàsì iwájú bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ síbì kan.

“Ibà ń ṣe ọ́ lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Mo rò pé o ti sùn ni.”

Ọkọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, èéfín sì ti ń kún ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo na ọwọ́ wọlé, tí mo pa á.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ ìyókù, láti ẹnu Dókítà fúnra rẹ̀, lórí fóònù láti Iléṣà, níbi tí òun àti bàbá náà padà lọ. Dádì rẹ̀ ló ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ibà lọ́jọ́ náà, bàbá náà sì bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà oko kan, wọ́n sọ̀kalẹ̀ kí ọmọ má baà gbọ́. Bàbá náà ní òun ti ẹ̀gbọ́n òun, ó ṣubú, orí rẹ̀ gbá òkúta, kò sì dìde mọ́. Ó gbé e wọ igbó. Ó wa ọkọ̀ padà sílé, ó ń sunkún, ó tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lóru ọjọ́ náà, ó wa ọkọ̀ náà lọ sí ìlú tó jìnnà, ó tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀. Dókítà ní òun ò mọ bóyá gbogbo rẹ̀ lòótọ́, pé òun ò ní mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe ibi náà fún àwọn ọlọ́pàá, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì rí egungun. Wọ́n ti sin Dádì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá fi bàbá náà sílẹ̀ nítorí àìsàn, ó sì kú nílé kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Dókítà ló ń wẹ̀ ẹ́ ní gbogbo àkókò tó kù fún un, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe é.

Mo rò pé ó fẹ́ dágbére ni.

“Bọ̀dá, ẹ ti mọ̀ kí n tó mọ̀, àbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Fún ọjọ́ mélòó?”

Mo kà á. Mo ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

“Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,” ó ní. “Inú ilé kan náà ni mo ń sùn pẹ̀lú wọn. Èmi ni mo ń se oúnjẹ wọn. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàdúrà fún mi kí n lè rí oorun sùn.”

Mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì tún gbóhùn rẹ̀ mọ́. Ó ti rán àwọn kan wá gbé ọkọ̀ náà tipẹ́, mi ò bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ìwé ìgbélùú mi jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìsí wàhálà kankan. Kò sẹ́ni tó bá mi dí i lọ́wọ́. Bóyá bàbá náà ò tiẹ̀ mọ ẹnì kan níbẹ̀ tó lè bá sọ̀rọ̀.

Àwọn èèyàn ti yìn mí fún iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù ọ̀rẹ́ mi máa ń ní kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Nígbà kan, mo máa ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n rí bàbá rẹ̀ sin, pé bí kì í bá ṣe súìṣì yẹn ni, bóyá yóò wà nínú igbó títí láé. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo lẹ́nu lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, fóònù sì wà lápò mi. Mo jẹ́ kí obìnrin náà jókòó síbẹ̀, lójú èèyàn mẹ́ta, láìmúra sílẹ̀, kó dá rí ohun tí èmi ti rí, nítorí pé ìyẹn rọ̀ mí lọ́rùn ju kí n là á fún un lọ.

Ní báyìí, bí mo bá tú àga ọkọ̀ ẹnì kan tí mo rí ohun tó yẹ kó mọ̀, ohun yòówù kó jẹ́, mo máa ń pè é lọ́jọ́ náà gan-an. Láìpẹ́ yìí ni mo pe ọkùnrin kan nípa lẹ́tà tí mo bá lábẹ́ àga ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ohùn mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, mo sọ ọ́ fún un.